Oru Ni, Kì Í Ṣe Èéfín

Èmi ni mo sọ ọ́. Mo ti gbìyànjú láti rántí bóyá ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ sọ ọ́, bóyá ọkùnrin tó ń ta ṣájà àti páálí fóònù lábẹ́ afárá Ṣàngó Ọ̀tà ni. Ṣùgbọ́n ohùn tí mo ń gbọ́ nígbà tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ náà, ohùn ara mi ni.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jókòó síwájú ilé tí a háyà ní Joju, níbi tó máa ń gbé tábìlì kékeré sí láti tún fóònù ṣe. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Òun ló kọ́kọ́ kúrò ní abúlé wa nítòsí Ìwó wá sí Ọ̀tà, òun ló gbà mí sílé nígbà tí mo wọ yunifásítì, òun náà ló ń bá mi fọ aṣọ lásìkò ìdánwò àṣekágbá. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Ìjù tí wọ́n ti ń ṣe ike. Tó bá dé, a gbé tábìlì rẹ̀ síta, a tan iná, a sì doríkodò lórí fóònù àwọn èèyàn. Iṣẹ́ fóònù yẹn lọkàn rẹ̀ wà. Ó máa ń sọ pé ọjọ́ tí òun bá rí ṣọ́ọ̀bù, òun ò tún ní sáré nítorí fèrè ilé iṣẹ́ kankan mọ́.

Ó ti ń mu sìgá kí n tó wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti gbìyànjú láti fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú mi. Ní Sátidé yẹn, ó yọ nǹkan kan láti inú àpò, ó gùn bí ìka ọwọ́, àwọ̀ ewé ni, ó sì ń run bíi máńgò. Féèpù ni, ohun tí àwọn kan fi ń rọ́pò sìgá, tó ń lo bátìrì. Ó ní ẹni tó tà á fún òun búra pé kò sí èéfín níbẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ó ní, nítorí orúkọ tó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí, "wò ó bá mi. Ṣé èéfín ni, àbí kí ni?"

Ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo kà. Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, mo sì ti rí iṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ ohun mímu kan, níbi tí mo ti ń wọn ṣúgà àti kíkan láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo gba nǹkan náà, mo yí i po, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Mo rò ó bí ẹni tó ń ronú sí ìbéèrè ìdánwò. Kò sí iná níbẹ̀. Kò sí ewé tó ń jó. Wáyà kékeré kan ló ń gbóná, tó ń sọ omi inú rẹ̀ di ohun tí a lè fà símú.

"Oru ni," mo ní, "kì í ṣe èéfín."

Ó rẹ́rìn-ín. "Oru. Bíi ti omi gbígbóná àti róòbù tí Màmá máa ń fi aṣọ bò wá lé lórí nígbà tí ọ̀fìnkìn bá mú wa."

"Ó jọ ọ́ díẹ̀."

Mo ti wọn "díẹ̀" yẹn lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà. Mo tún sọ fún un pé nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń di bárakú, wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú sìgá. Mo sọ ọ́, n kò parọ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń ka ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ páálí oògùn ni mo ṣe sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń fà á kí n tó dé ìparí gbólóhùn.

Láti ọjọ́ yẹn, kò mu sìgá mọ́. Òtítọ́ ni. Ó pe Màmá wa lórí fóònù, ó sọ fún un, Màmá sì fi ìdajì wákàtí gbàdúrà fún un. Lẹ́nu wa nínú ilé, mímu ni wọ́n ń mu sìgá, bí wọ́n ṣe ń mu ọtí. Nǹkan tuntun yìí, wọn kì í mu ún, fífà ni wọ́n ń fà á. N kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì pínyà, ṣùgbọ́n wọ́n pínyà. "Ó ń mu sìgá" jẹ́ ẹ̀sùn. "Ó ń fà á" kò jẹ́ nǹkan kan, àfi bí ẹni pé èèyàn ń fa ikun imú. Ó so ó mọ́ okùn, ó gbé e kọ́ ọrùn bíi káàdì ìdánimọ̀, ó sì ń tún fóònù ṣe. Tí féèpù kan bá kú, á ra irú rẹ̀ mìíràn, á tú èyí tó kú, á yọ bátìrì kékeré inú rẹ̀, á fi ṣe tọ́ọ̀ṣì.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà, ní àsìkò òjò, ẹ̀rọ gbá a lọ́wọ́ mú níbi iṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já tán. Awọ díẹ̀ ló kù tó so wọ́n mọ́ ara. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé e lọ sí èyí tó tóbi jù ú lọ, níbi tí wọ́n ti lè rán iṣan. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì kan kó ẹrù rẹ̀ fún mi nínú ọ̀rá: bẹ́líìtì, fóònù, àti féèpù aláwọ̀ ewé pẹ̀lú okùn rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà gbà wọ́n ní àkókò púpọ̀. Lọ́jọ́ kejì, dókítà tó ṣe é wá bá wa. Ọkùnrin tí kò dàgbà ju ẹ̀gbọ́n mi lọ ni, ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ń dé orí ìka méjèèjì, ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀ ni yóò sì sọ bóyá wọ́n máa dúró. Ẹ̀gbọ́n mi bi í bóyá òun á tún lè mú síkúrù.

"Tí wọ́n bá dúró, bó pẹ́ bó yá," ni dókítà wí. Ó ṣí ìwé rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ti fi ń bá mi sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó yí i sí Yorùbá kí ọ̀rọ̀ lè yé aláìsàn yékéyéké. "Ṣé ẹ ń mu sìgá?"

"Rárá, dókítà. Mo ti fi sílẹ̀, ó ti lé lọ́dún kan."

Dókítà yíjú sí mi. "Bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọ̀rá yẹn wà lórí itan mi. Mo ro ìbéèrè náà. Sìgá ló béèrè. Èsì tí ẹ̀gbọ́n mi fún un sì tọ̀nà, kò sí ibi tí èèyàn ti lè mú un nínú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo ní.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ òsì sí mi. "Fún mi ní oru mi." Ìrora ń bá a jà, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Mo fún un.

Wọ́n fi báńdéèjì wé ọwọ́ náà, wọ́n gbé e sókè lórí ìrọ̀rí, wọ́n sì jẹ́ kí orí àwọn ìka yọ síta. Nọ́ọ̀sì àgbà kan máa ń tẹ èékánná, á tú u sílẹ̀, á máa wo bí àwọ̀ pupa ṣe ń padà. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á: bó bá ṣe ń pẹ́ sí i kó tó padà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ ń dín kù. Ní ọjọ́ kẹta, kí n tó ka méjì, ó ti padà. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ka mẹ́rin. Mo tún un kà, mo rò pé mo sáré kà á ni.

Ní ọjọ́ karùn-ún, nọ́ọ̀sì náà wọlé, ó fa imú. "Ta ló ń jẹ máńgò níbí tí kò fún èèyàn?"

Bàbá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ti ń dúró de irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. "Máńgò bọ̀dá yìí kì í tán, àǹtí. Ilé ìyàgbẹ́ ló ti ń lọ ká a. Èmi náà ò tíì rí igi rẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, kí lẹ ń mu?"

"Mi ò mu nǹkan kan, mà. Mo kàn ń fà á ni."

"Kí lẹ ń fà?"

Ó yọ ọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí. Nọ́ọ̀sì wò ó, lẹ́yìn náà ló wò mí. "Ìwọ náà mọ̀?"

Mo ní mo mọ̀.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè é wá, dókítà kò jágbe mọ́ wa. Mo rò pé ì bá sàn tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó mú rọ́bà omi tó ń kán sí ẹ̀gbọ́n mi lára, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Omi tó ń kán falẹ̀. Ó ní nínú ẹ̀dọ̀fóró, àwọn àpò kéékèèké kan wà tó pọ̀ bí ìfófó ọṣẹ. Ara wọn fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ, ẹ̀jẹ̀ ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ohun tí èèyàn bá fà dé ibẹ̀, kì í béèrè ọ̀nà. Kí èèyàn tó fà á lẹ́ẹ̀mélòó kan, nikotíìnì ti wọ ẹ̀jẹ̀, ó ti dé orí. Díẹ̀ á gba ara ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọ̀nà ọ̀fun wọlé, èyí kì í yá tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá sì ń lọ ni òun náà ń lọ, títí kan ọwọ́ tí wọ́n rán. Ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún. Èyí tí òun rán sí ìka yẹn, ó ní, kò tóbi ju okùn ìránṣọ lọ.

"Oru yẹn náà?" ni ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

"Oru yẹn náà. Ara ò mọ̀ bóyá ẹ mu ún ni o, bóyá ẹ fà á ni o."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé nǹkan náà fún nọ́ọ̀sì. Kò wojú mi.

Kò sí ohun tuntun kan nínú gbogbo ohun tí dókítà sọ. Mo ti ya àwòrán àpò ẹ̀dọ̀fóró yẹn nínú ìdánwò, mo kọ orúkọ sí gbogbo apá rẹ̀, mo gba máàkì tó pé. Ṣùgbọ́n èdè ìdánwò ni mo fi mọ̀ ọ́. N kò tíì sọ ọ́ rí lédè tí a fi ń sọ̀rọ̀ níwájú ilé wa ní Joju. Níbẹ̀, ohun tí mo ní láti sọ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́fà lọ, mo sì sọ wọ́n bí ẹni tó ti parí ìṣirò.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, orí ìka méjèèjì ti dúdú. Wọ́n gé ìka méjèèjì. Màmá wa ti dé láti ilé nígbà náà. Ó jókòó sí ìsàlẹ̀ ibùsùn, ó ń fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ṣebí ó ti fi sìgá sílẹ̀?"

Kí a tó kúrò níbẹ̀, mo lọ bá dókítà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan yẹn ló ṣe é. Ó ní òun ò lè búra. Ẹ̀rọ náà ti tẹ ẹran ìka pa gidigidi kí wọ́n tó gbé e dé, òun sì ti rí ẹni tí kò fẹnu kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí tí ìka rẹ̀ kò dúró. "Ṣùgbọ́n ká ní mo mọ̀ ni," ó ní.

Mo gbà pé òtítọ́ ló sọ. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ní yàrá àyẹ̀wò, tí a bá fẹ́ mọ ohun tó ba ohun mímu kan jẹ́, a máa ń mú méjì, a ó fi nǹkan náà sí ọ̀kan, a kò ní fi sí ìkejì, a ó sì fi wọ́n wéra. Kò sí ẹ̀gbọ́n mi kejì tí kò fà á.

Ilé iṣẹ́ ti gbé e lọ sí ẹnu géètì báyìí. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń wọlé, ìkọ̀wé náà sì ti ń dára díẹ̀díẹ̀. Àwọn èèyàn ṣì ń gbé fóònù wá. Ó gbìyànjú láti fi àtàǹpàkò àti ìka kẹrin di irinṣẹ́ mú, ṣùgbọ́n síkúrù fóònù kéré ju irúgbìn tẹ̀tẹ̀ lójú ẹni tó ń wá a nílẹ̀. Nítorí náà, tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, èmi ni mo ń jókòó sídìí tábìlì, òun á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa sọ ohun tí n ó ṣe.

"Má fagbára tì í. Ṣé fóònù lò ń tún ṣe ni, àbí táyà lò ń tú?"

"Mo ti rọra, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọwọ́ rẹ le bí ọwọ́ ọlọ́pàá."

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí a ti tú fóònù kan sílẹ̀, tí a to àwọn síkúrù rẹ̀ sínú ìdérí ìgò, ó fi ọwọ́ òsì sún ìdérí náà sọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣé òun ló fà á?"

Kò sí bí n kò ṣe ní gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà méjèèjì: fífa oru, àti fífa wàhálà. Mo gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Èsì tó tọ̀nà wà lẹ́nu mi, èyí tí dókítà sọ, tí mo ti yẹ̀ wò tí n kò rí àbùkù nínú rẹ̀. Mo ti fún un ní èsì tó tọ̀nà rí.

"Mi ò mọ̀," mo ní. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ fún yín pé oru ni. Nígbà tí dókítà sì bi mí, mo mọ ohun tó fẹ́ mọ̀."

Ẹnìkan ń fi fóònù gbọ́ ìwàásù ní ilé kejì.

"Mo mọ̀ pé o mọ̀," ó ní. "Mò ń wò ọ́ nígbà tó bi ọ́. Mò ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó o má sọ ọ́."

Apá mi kan ìdérí ìgò, síkúrù kan yí bọ́ sórí tábìlì. Ó na ọwọ́ ọ̀tún láti mú un, kíákíá, bó ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, ọwọ́ náà sì dé ibi tó yẹ kó dé. Síkúrù náà kò kúrò níbi tó wà. A jọ wò ó. Lẹ́yìn náà ni mo mú un, mo fi sí ojú ihò rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, òun sì ní kí n rọra.