Obìnrin tó ní kí n bá òun gbé ọmọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, obìnrin aláṣọ funfun ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá ká lè tètè wálé. Ìyá bàbá mi ló máa ń sọ ọ́. Ó ní obìnrin náà máa ń dúró lọ́nà odò pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, á ní kí o bá òun gbé e, ẹni tó bá sì gbà á kò ní padà délé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ. A gbà á gbọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ti odò bọ̀, mo rí obìnrin kan tó fara ti igi, aṣọ funfun lára rẹ̀, ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi gbé e díẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí."

Mo ju korobá sílẹ̀, mo sá. Nílé, wọ́n ní mo káre, wọ́n tilẹ̀kùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn tó ń lọ sóko bá a nídìí igi náà. Aláìsàn ni, ilé ìyá rẹ̀ ló ń lọ. Ó ti kú. Ọmọ náà kò rí ọ̀sán. Ẹnikẹ́ni kò bá mi wí, ohun tó ń dùn mí dòní nìyẹn. Ìyá bàbá mi kò sọ ìtàn náà mọ́ títí ó fi kú.

N kò gbọ́ ọ mọ́ àfìgbà tí mo wá bá ọmọ mi gbé ní Bramalea, lókè òkun níbí. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ní kí n wo nǹkan kan lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níléèwé, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Sri Lanka, ló fi ránṣẹ́ sí i. Èdè Sinhala ni wọ́n fi ń sọ ọ́, wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀. Obìnrin aláṣọ funfun, ọmọ lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n bá òun gbé e. Mòhínì ni wọ́n ń pè é. Mo dá fóònù náà padà fún un.

Nígbà òtútù tó kọjá, yìnyín ń já, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Láti ojú gíláàsì, a rí obìnrin kan tó wọ kóòtù funfun, ó gbé ọmọ dání. Ọmọ-ọmọ mi di ìró mi mú. "Grandma, please don't open it. It's her."

Mo ṣí i. Ọkọ̀ rẹ̀ ló kú sójú títì, òtútù ti mú ọwọ́ rẹ̀ débi pé kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ó ní kí n jọ̀wọ́ bá òun gbé ọmọ. Mo gbà á, mo sunkún.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọ-ọmọ mi wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń fi fóònù ká wa sílẹ̀. Ó ti fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Mississauga àti Whitby, àwọn ìlú tí kò jìnnà sí wa, pé Mòhínì ti wọlé àwọn.

Láyé ìgbà tiwa, ìyá àgbà kan ṣoṣo dákẹ́, ìtàn náà sì kú lábúlé wa. Ta ni kí n wá bẹ̀ báyìí pé kó dákẹ́?