Ọjọ́ tí Mọ́mì Ìsàlẹ̀ Pè Mí ní "Ẹ̀yin"

Òkè ni àwa ń gbé, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, nínú ilé alájà kan ní Festac. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè wọ́n ní Mọ́mì Ìsàlẹ̀ láti ìgbà tí mo ti lè sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ṣe. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wọn kó lọ sí Àbújá, wọ́n ní àwọn ò lọ ibì kankan, wọ́n sì fẹ̀yìn tì. Ọkọ wọn ti kú, wọn ò sì bímọ.

Màmá tó bí mi ń ṣiṣẹ́ ní Marina. Ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó gba Mile 2 dé, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni mo ti dàgbà. Tí oúnjẹ bá ti jinná, Mọ́mì á fi igi mọ́ọ̀pù lu àjà wọn, kó, kó, á dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, èmi náà á sì sáré wálẹ̀. Bí mo bá pẹ́, wọ́n á tún un lù, èyí tó le jù tàkọ́kọ́ lọ. Wọn ò gbà fún mi rárá. "Ìwọ ọmọ yìí, o ti tún da bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà!" Mo máa ń bínú sí wọn nígbà náà.

Nígbà tí màmá mi kú, àwọn ẹbí wa wá, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n lọ. Mọ́mì Ìsàlẹ̀ nìkan ni kò lọ. Wọ́n jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò wàásù kankan, wọ́n kàn ń tú irun orí mi tó ti dọ̀tí. Nígbà tí wọ́n tú u tán, wọ́n ní, "O ṣì ní mi."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo ti ibi iṣẹ́ mi ní Amuwo dé, mo yà kí wọn. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ta lẹ ń wá?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé bí àgbàlagbà bá ṣàdédé ń fi "ẹ" pe ọmọ tó ti ń pè ní "ìwọ" láti kékeré, ó ń fi bú u ni. Ó túmọ̀ sí pé o ti di màdáámù, pé ẹsẹ̀ rẹ ti wọ́n lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mi ò sì tíì yà kí wọn láti ọjọ́ Sunday. Mo kúnlẹ̀ gbì, mo ń ṣàwàdà: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ló pọ̀. Ẹ pè mí ní ìwọ padà, mo ti jẹ̀bi."

Wọ́n sún sẹ́yìn. "Háà, ẹ dìde mà. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi."

Kò sí ẹ̀rín lójú wọn. Ojú àlejò ni wọ́n fi ń wò mí.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, "ìwọ" ti padà, wọ́n ti ń bú mi nítorí bàtà, inú mi sì dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ṣùgbọ́n "ẹ" yẹn tún wá, ó sì túbọ̀ ń pẹ́ kó tó lọ. Mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lápá Apple Junction. Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó pariwo: "Ta ló ni màmá yìí?"

"Èmi ni mo ni wọ́n," ni mo dáhùn, mo tiẹ̀ gbóhùn sókè kí gbogbo èrò gbọ́.

Dókítà ní àìsàn ìgbàgbé ni. Ó ní oògùn kàn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, kò lè wò ó sàn.

Látìgbà náà, wọ́n á lu àjà, kó, kó. Èmi àgbà yìí á sáré wálẹ̀ bíi ti àtijọ́, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Ta lẹ ń wá?" Mo bá wọn jiyàn. Mo fi fọ́tò hàn wọ́n. Lọ́jọ́ kan, mo sunkún níwájú wọn, wọ́n sì bu omi fún mi, wọ́n ń bá mi kẹ́dùn ohun tí wọn ò mọ̀.

Ìgbà tí wọ́n gbàgbé ìkòkò sórí gáàsì, tí èéfín gba gbogbo ilé, àwọn ará ilé ní kí n pe ẹbí wọn. Èmi náà ni mo pè wọ́n. Ta ni mo fẹ́ bínú sí?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ló wá láti Ìjẹ̀bú. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, àmọ́ ọkùnrin náà kò burú, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù. Ó ra búrẹ́dì wá fún mi.

"Àǹtí, ẹ ṣé gan-an," ló wí. "Nébọ̀ bíi tiyín ò wọ́pọ̀ mọ́. Àmọ́ àwa la ni wọ́n, a ò lè fi wọ́n sílẹ̀ báyìí. A máa gbé wọn lọ sílé."

"Ibí nilé wọn."

"Ó yé mi, Àǹtí."

Mo fẹ́ sọ pé èmi ni mo ni wọ́n. Àmọ́ ibi iṣẹ́ ni mo máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Ta ni yóò máa ṣọ́ gáàsì? Ẹ̀rí wo ni mo sì fẹ́ fi hàn án? Igi mọ́ọ̀pù? Mo bá wọn di ẹrù. Mo ń ká aṣọ, inú ń bí mi, mi ò rẹ́ni bú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, mo mú wọn lọ́wọ́ dé ìdí ọkọ̀, mo bá wọn de bẹ́líìtì. Wọ́n gbá ọwọ́ mi mú, wọ́n rọra fà mí mọ́ra.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sọ fún ọmọ mi tó wà lókè pé wọ́n ti ń gbé mi lọ o. Mo lu àjà títí, kò gbọ́. Kó má lọ máa wá mi kiri."

"Ọmọ wo, Mọ́mì?" ni ọkùnrin náà béèrè láti iwájú. "Ẹ ò lọ́mọ kankan lókè."

Èmi ni Mọ́mì ń wò.

"Mo ti gbọ́, mà," ni mo wí. "Màá sọ fún un."

"Ẹ ṣé o," ni wọ́n wí. "Kò tíì jẹun."