Má Fọwọ́ Kan Ọkọ̀

Bàbá mi bẹ̀rù omi ju ológbò lọ. Ọmọ orí òkè ni, láti ìlú kan ní Ìyàgbà tí odò ibẹ̀ kò ju ohun tí ọmọdé lè fò kọjá. Iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ló gbé e wá sí Lọ́kọ́jà, a sì ń gbé ní àdúgbò Kabawa, nínú yàrá méjì tí omi wọ̀ lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lọ́jọ́ yẹn ó gbé mi lé orí tábìlì, òun fúnra rẹ̀ dúró sínú omi tó mù ún dé àyà, ó ń gbọ̀n. Nígbà tí a kó lọ sí àdúgbò Otokiti, ó mú mi tọ apẹja ará Núpé kan lọ létí odò, ó ní kó kọ́ mi ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ó ní òun kò tún ní dúró nínú omi láìmọ ohun tí òun máa ṣe fún ọmọ òun.

Àwọn oníròyìn máa ń fẹ́ kí n sọ pé omi ló pè mí. Omi kò pe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bàbá mi ló tì mí sínú rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ la ibi tí odò Ọya àti Bénúé ti pàdé já. Lẹ́yìn náà mo lúwẹ̀ẹ́ láti Lọ́kọ́jà dé Àjàòkúta, kò sì sí obìnrin kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ṣe é ṣáájú mi. Wọ́n pè mí sí gbàgede Paparanda, wọ́n fún mi ní ife ẹ̀yẹ tí orúkọ mi wà lára rẹ̀, wọ́n sì ṣi orúkọ náà kọ. Àwọn èèyàn ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, wọ́n ní ó ku kí n lúwẹ̀ẹ́ dé Ìdàh. Mo gbà wọ́n gbọ́. N kò ní parọ́, ìyìn máa ń dùn mọ́ mi.

Ìlúwẹ̀ẹ́ ọ̀nà jíjìn ní òfin kan tó le ju odò lọ: ẹni tó wà nínú omi kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé e. Tí ìka kan ṣoṣo bá kàn án, gbogbo ọ̀nà tó ti rìn di asán. Orí ọ̀pá gígùn ni wọ́n máa ń so ike ògì mọ́ kí n lè mu ún. Apẹja yẹn náà ló ń wa ọkọ̀ fún mi. Ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, tó wọ jákẹ́ẹ̀tì ààbò méjì lé ara wọn, tó sì di etí ọkọ̀ mú bíi pé ọkọ̀ fẹ́ sá lọ, bàbá mi ni. Ó ń ka iye ìgbà tí apá mi ń wọ omi ní ìṣẹ́jú kan, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kan bíi tàwọn ọmọ iléèwé. Ìwé yẹn ni ẹ̀rí wa.

Ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, yóò kí mi bí àwọn ará ilé wa ti ń kíra wọn: “Ọ̀kun.” Èmi náà á dáhùn pé, “Ọ̀kun, Bàbá.” Lẹ́yìn náà, á bi mí ní ìbéèrè kékeré kan, kó lè mọ̀ bóyá orí mi ṣì pé, nítorí àárẹ̀ omi máa ń mú ọpọlọ èèyàn kó tó mú apá rẹ̀. Tí mo bá ṣi ìdáhùn, òun ló láṣẹ láti fà mí jáde. Kò sẹ́ni tó ń bi òun léèrè nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ sí Ìdàh, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń fi òrí pa abíyá mi kí omi má bàa bó o, mo gbọ́ tí ife náà fọ́ sórí òkúta. Ó ní òun kò sùn dáadáa ni, orí sì ń fọ́ òun díẹ̀. Mo fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí, mo sì tún mú òrí mi. Ìkún omi ọdún yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fà ni, àmì ẹrẹ̀ ṣì wà lára ògiri ní Kabawa, ó ga dé ojú fèrèsé. Apẹja náà wo odò títí, ó ní ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ kò tẹ́ òun lọ́rùn, kí a jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá mi wò mí. Mo ní a kò ní dúró.

Òkú màlúù kan tó ti wú bá wa rìn láti Ganaja nísàlẹ̀ Lọ́kọ́jà títí oòrùn fi mú. Bí apẹja bá fi àjẹ̀ tì í lọ, ìṣàn á tún gbé e padà wá. Lọ́jọ́ mìíràn, bàbá mi ì bá ti fi màlúù náà ṣe yẹ̀yẹ́, ì bá ti ní ẹran náà ń bá wa du ife ẹ̀yẹ. Lọ́jọ́ yẹn ojú ìwé rẹ̀ nìkan ló ń wò. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, mo sì rò pé odò ni mo ń bẹ̀rù.

A ti fi Àjàòkúta sílẹ̀ tipẹ́ nígbà tó bi mí pé ibo ni à ń gbé. Mo ní Otokiti. Lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí, ó tún kí mi, ó tún béèrè pé ibo ni à ń gbé. Mo rẹ́rìn-ín nínú omi. Akọ̀wé ni, àwọn akọ̀wé fẹ́ràn láti béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta, kò kí mi rárá.

“Ibo ni à ń gbé?”

Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí iṣu kún lẹ́nu. Mo gbójú sókè. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí apá kan. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi di ọ̀pá mú, ike ògì ń gbọ̀n lórí rẹ̀, ọwọ́ òsì sì wà lórí itan bí ẹrù tí ẹnì kan gbé fún un pé kó bá òun mú dání. Mo rí i. Mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn pé n kò rí i.

Òkè Ìdàh ti hàn lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Tí mo bá gun ọkọ̀, a ó dé ilé ìwòsàn kí ògì inú ike tó tutù, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi mí sílẹ̀ láàárín odò lọ. Ó kù sọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ náà kò jìnnà sí mi ju ìwọ̀n apá mẹ́ta lọ.

Mo dáhùn pé Otokiti, mo sì ki ojú mi bọ omi.

Apá òsì mi ni ọkọ̀ wà, apá òsì ni mo sì máa ń kọjú sí láti mí látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ibẹ̀ lọ, mo ń mí sí ọ̀tún. Ó nira, omi ń wọ imú mi, ọrùn ń dùn mí, ṣùgbọ́n etí odò kejì nìkan ni mo ń rí. Mo ń sọ fún ara mi pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Mo lúwẹ̀ẹ́ fún bíi wákàtí kan sí i, n kò sì yára tó bẹ́ẹ̀ rí ní ayé mi.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi kan iyanrìn ní Ìdàh, àwọn èèyàn ń pariwo orúkọ mi. Apẹja náà gbé bàbá mi kọjá láàárín wọn bí ẹni gbé ọmọ. Rọpárọsẹ̀ ni. Dókítà béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ká ní a tètè gbé e dé ni, ohùn rẹ̀ ì bá má lọ. Mo ní n kò mọ̀. Apẹja náà tẹjú mọ́ mi, lẹ́yìn náà ó wolẹ̀.

Nígbà tí èmi àti apẹja náà nìkan wà níta, ó sọ̀rọ̀.

“Mo fẹ́ dá ọ dúró. Bàbá rẹ ní tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun kò ní dárí jì mí.”

Àkọsílẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ mi dé Ìdàh dúró. Wọ́n wo ìwé bàbá mi, wọ́n ní ó pé, ìwé ẹ̀rí sì wà lára ògiri pálọ̀ wa. N kò tún wọ odò láti ìgbà náà. Bàbá mi máa ń jókòó síwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń dúró sí apá òsì rẹ̀, mo máa ń kí i pé, “Ọ̀kun, Bàbá.” Á wò mí títí. Ohùn kò jáde.

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí n tó lè ṣí ìwé náà. Títí dé Àjàòkúta, nọ́ńbà rẹ̀ tò gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń yọ̀ kúrò lórí ìlà. Ní ibì kan ó kọ ọ́ pé ọwọ́ òsì òun kò gbọ́ràn mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi, mò ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa. Nísàlẹ̀ ojú ìwé, lẹ́yìn nọ́ńbà tó kẹ́yìn tí mo lè kà, ó kọ èyí: “Ọ̀tún ló ń mí sí báyìí. Kò wo ọ̀dọ̀ mi mọ́.”

Kò kọ ìdí rẹ̀. Akọ̀wé ni, ohun tó rí ló kọ.