Ògiri Tí Mo Ya Irinṣẹ́ Sí

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ṣọ́bìrì kò lẹ́sẹ̀, ẹ ní kó wá bá mi ní yàrá irinṣẹ́ ọsibítù wa, kí n fún un ní àga, kó jókòó, kó gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń mú kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn dání. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo wọn ń pè mí, láti orí dókítà títí dé orí ẹni tó ń nu ilẹ̀. Kò sí ìṣó tó jáde níbẹ̀ tí mi ò mọ ẹni tó mú un lọ. Nítorí náà, nígbà tí irinṣẹ́ ọgbà bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, olè ni mo kọ́kọ́ pariwo. Mo bú awakọ̀, mo bú àwọn tó ń fọṣọ, mo bú àlejò tó wá kí aláìsàn jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí mi ò bú ni Bàbá Òdòdó, ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni ọ̀rọ̀ sì wà.

Bàbá Òdòdó ló ń tọ́jú ọgbà ọsibítù náà. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, kí wọ́n tó kọ́ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, kí wọ́n tó mọ ògiri yí wa ká. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé lẹ́yìn ọgbà. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí òdòdó àkọ́kọ́ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ. Ìyàwó wọn ti kú. Ọmọ wọn obìnrin, aránṣọ ni, ó ń gbé ní ìlú mìíràn tó jìnnà, ní àjà kẹrin ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí kò ní iyẹ̀pẹ̀ tó kún ọwọ́. Ọdọọdún ló ń bẹ bàbá rẹ̀ kí wọ́n wá máa bá òun gbé. Bàbá á ní, "Kí ni mo fẹ́ máa ṣe lókè yẹn? Ṣé kí n máa gbin aṣọ ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ ló kọ́ wọn pé bí olọ́gbà bá ṣíwọ́, kó má ṣe kó irinṣẹ́ lọ sílé. Kó gún un mọ́lẹ̀ níbi tó ṣiṣẹ́ dé, kó lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ilẹ̀ á bá a ṣọ́ ọ. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, n kò sì bá wọn jà, torí bí mo bá ti béèrè, ìka ni wọ́n máa nà: "Fọ́ọ̀kì ìtúlẹ̀ wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù àwọn aboyún, ìlà kejì." Màá lọ, màá sì bá a níbẹ̀. Àfi ọjọ́ kan tí mo béèrè ṣọ́bìrì kékeré. Wọ́n na ìka, ìka náà dúró lófuurufú, kò mọ ibi tó ń lọ.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ti ń gbàgbé!" Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Háà, mo rẹ́rìn-ín o. Ká ní mo mọ̀ ni.

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gbé ọgbọ́n kalẹ̀. Mo kó gbogbo irinṣẹ́ ọgbà, mẹ́tàlá ni wọ́n nígbà náà torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àwọn tó sọnù ni, mo gbé wọn lé ara ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ọ̀dà funfun tọ etí wọn yí ká, mo sì kan ìṣó síbẹ̀ kí a lè fi wọ́n kọ́. Ọkọ́ ní àwòrán tirẹ̀, àdá ní tirẹ̀, réèkì ní tirẹ̀, títí dé orí sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka. Bí o bá ti wọlé báyìí, ojú rẹ á ti rí èyí tí kò sí nílé. Bàbá dúró, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ìyá Kọ́kọ́rọ́, orí rẹ pé. O ti fún kálukú ní ilé." Inú mi dùn bí ẹni tó yege ìdánwò. Mi ò rò ó pé ògiri lè sọ ohun tó sọnù fún mi, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tó wà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwòrán funfun mẹ́ta ti ṣófo.

Mo ya aṣọ pupa wẹ́wẹ́, mo so ó mọ́ ọrùn irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí n lè máa rí wọn láàárín ewé. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí pupa káàkiri inú ọgbà, mo sáré lọ. Òdòdó ni! Bàbá ti tú gbogbo aṣọ náà, wọ́n fi so àwọn òdòdó tó tẹ̀ mọ́ igi kí wọ́n lè nàró. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n," wọ́n sì wò mí bí ẹni tí kò láàánú.

Mo tún mú okùn. Mo so ẹnu rẹ̀ kan mọ́ sísọ́ọ̀sì, mo so ìkejì mọ́ bẹ́líìtì Bàbá. Wọ́n gún sísọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n yíjú padà, wọ́n ń lọ. Okùn náà nà tán, ó fà wọ́n padà, gbì! Òwe sọ pé bí àgbà bá ṣubú, a máa wo ẹ̀yìn. Bàbá wo ẹ̀yìn lóòótọ́. Èmi ni wọ́n rí, wọ́n sì mọ ẹni tó so okùn.

Ibi tí ẹ̀rín ti tán nìyẹn. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ jáde ní wọ́ọ̀dù kó lè gba atẹ́gùn, ó gbé e sílẹ̀ lórí koríko kó lè tún ìró rẹ̀ ró. Kó tó bojú wẹ̀yìn, ọmọ ọdún méjì ti mú sísọ́ọ̀sì ìgé-ẹ̀ka dání, ó ń fi ẹnu mímú rẹ̀ ṣeré. Igbe tí obìnrin yẹn ké, àwọn tó wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ gbọ́ ọ. Kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ náà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Táì ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀gá Táì ni máníjà wa, kì í tú táì ọrùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé oòrùn fẹ́ yan ènìyàn.

Mo ti múra ìjà lọ. Ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Mà, mo fẹ́ràn Bàbá. Àwọn ló gbin òdòdó tó wà lójú fèrèsé yàrá tí ìyá mi kú sí. Ṣùgbọ́n ká ní ọmọ yẹn fi sísọ́ọ̀sì gún ojú ńkọ́?"

Ìjà tí mo gbé wá, mo gbé e kalẹ̀.

Ó ní, "Ní ìparí oṣù, èmi fúnra mi máa wá ka irinṣẹ́. Bí mẹ́tàlá bá pé, Bàbá ò lọ ibì kankan. Bí ẹyọ kan bá dín, màá ní kí ọmọ wọn wá mú wọn lọ. Ẹ má bínú, mà."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú? Òótọ́ ló sọ. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Láti ọjọ́ náà, bí iṣẹ́ bá ti parí nírọ̀lẹ́, èmi àti Bàbá á jáde lọ wá irinṣẹ́. Mẹ́fà ni kò sí lára ògiri nígbà náà. Bàbá á máa fi ọwọ́ tú abẹ́ ewé, wọ́n á wá a tọkàntọkàn, òógùn á bò wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n á nàró, wọ́n á ní, "Kí là ń wá?"

"Fọ́ọ̀kì ni, Bàbá."

"Ta ló sọ ọ́ nù?"

Mo wo ojú wọn. Mo ní, "Èmi ni, sà."

"Ìwọ ọmọ yìí! O kì í ṣọ́ra. Àìmọye ìgbà ni mo ti ń sọ fún ọ." Wọ́n á bá mi wí títí a ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Èmi tí mo máa ń fún dókítà lésì, màá máa kúnlẹ̀ nínú ọkàn, màá ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Nígbà tó ku ọ̀la kí Ọ̀gá Táì wá kà wọ́n, èmi nìkan ni mo jáde. Mo wá abẹ́ àga, mo wá inú kòtò, mo wá ẹ̀yìn táǹkì omi. Ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti rí ìlà kan tí wọ́n fi ẹ̀ka eléwé bò, bí a ti ń bo ohun ọ̀gbìn tuntun kí oòrùn má baà pa á. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin ín ni. Mo ṣí ẹ̀ka àkọ́kọ́. Fọ́ọ̀kì! Mo ṣí ìkejì. Ṣọ́bìrì kékeré! Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wà níbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ihò fún wọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ wọn nídìí, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn dọ́gbadọ́gba. Mo pariwo ayọ̀. Mo ń dá jó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n yọ.

"Rọra o!" Bàbá ló ń bọ̀, wọ́n gbé agolo omi dání, wọ́n ń sáré bí agbára wọn ti mọ. "Rọra, rọra! Má hú wọn. Wọn ò tíì ta gbòǹgbò."

Mo ní, "Bàbá, ṣọ́bìrì ni o."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, á yọ ewé."

Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n tún iyẹ̀pẹ̀ tó tú mọ́ ìdí ṣọ́bìrì, wọ́n da omi sí i díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe fún òdòdó láti ogójì ọdún. Ọwọ́ wọn ò ṣì. Èmi náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Gbogbo ohun tí mo ń wá ló wà níwájú mi, ó sì wù mí kí n má rí wọn láéláé.

Mo rán wọn lọ pọn omi mìíràn. Bí wọ́n ṣe yíjú, mo hú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo sá lọ bí olè tí mo ti ń pariwo látọjọ́ yìí. Mo fọ̀ wọ́n, mo fi wọ́n kọ́. Bàbá ò padà síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ti gbàgbé ohun tí wọ́n fẹ́ fi omi ṣe. Nígbà tó di àárọ̀, Ọ̀gá Táì kà á lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́tàlá pé. Ó bọ Bàbá lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọgbà yín ṣì ni." Mo rí i pé inú òun náà dùn. Lẹ́yìn tó lọ ni Bàbá kọjá sẹ́yìn wọ́ọ̀dù, wọ́n bá ihò mẹ́fà. Ohùn tí wọ́n fi sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu àgbàlagbà. "Ta ló hú wọn? Kí ni wọ́n ṣe fún un?" Mo dúró lẹ́yìn wọn, mi ò lè sọ pé èmi ni.

Mo lè dákẹ́. Ìwé Ọ̀gá Táì ti sọ pé irinṣẹ́ pé, èmi nìkan ló mọ̀ pé Bàbá ò pé mọ́. Mo dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, mo bá sísọ́ọ̀sì lórí koríko tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Ó ti wọlẹ̀ dé ìdajì, ẹnu mímú rẹ̀ kọjú sókè, kó lè ráyè hù.

Mo fà á yọ. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo mú fóònù, mo pe ọmọ wọn. Kì í ṣe Ọ̀gá Táì ló pè é. Èmi ni.

Ó dé lọ́jọ́ Sátidé, ó di ẹrù bàbá rẹ̀ sínú àpótí kan ṣoṣo, kò kún. Bàbá wọ fìlà, wọ́n wá sí yàrá irinṣẹ́. Wọ́n yọ ọkọ́ kékeré kan nínú àpò wọn, wọ́n lọ fi kọ́ sínú àwòrán tirẹ̀ gẹ́lẹ́, wọn ò ṣi ibẹ̀. Wọ́n wo gbogbo ògiri náà. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ síbi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n da ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Ya tèmi náà. Bí mo bá sọnù, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa dá mi padà sí."

Mo ṣí ọ̀dà. Ọ̀dà kán sí bàtà wọn, wọn ò mira. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ òsì, mo gba orí fìlà, mo sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọmọ wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí, ó ń fi ìborí nu ojú.

Olọ́gbà tuntun ti dé. Ó já fáfá, kì í sọ nǹkan kan nù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, òjò pa á, ó bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó mú ìṣó àti òòlù, ó fẹ́ kàn án sáàárín àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kó lè fi ẹ̀wù kọ́. Mo jágbe mọ́ ọn, òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Kúrò níbẹ̀! Ẹni tó ni ibẹ̀ ń bọ̀."