Aránṣọ Gadumo Tó Wọ Bàtà Pẹ́pẹ́yẹ

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ààlọ́ mi gba Paparanda kọjá, kò dúró ra ẹ̀pà. Ó dé Karaworo, kò yà kí ẹnikẹ́ni. Inú omi ló já sí, ó já lé obìnrin kan tó ń ránṣọ lórí."

"Nínú omi kẹ̀, ìyá àgbà? Ṣé wọ́n ń ránṣọ nínú omi ni?"

Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹ gbọ́.

Adéòkè ni obìnrin náà ń jẹ́. Ọmọ Yàgbà ni, àmọ́ Gadumo ní Lọ́kọ́jà ló ń gbé, nínú ilé kékeré tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Nínú ọdún wọ̀nyẹn, ó ti fi mọ́kànlélọ́gbọ̀n jókòó sídìí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, máṣíìnì dúdú tí àwòrán wúrà ara rẹ̀ ti pa rẹ́. Bó bá ti ń dún kẹ̀tẹ̀kẹ̀tẹ̀ láàárọ̀, àwọn ará àdúgbò á mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Aṣọ akọrin, aṣọ ìyàwó, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé, kò sí èyí tí kì í rán.

Ìgbà tó yá, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ni, ọ̀gangan ibi tí obìnrin ń ró ìró mọ́. Bó bá rán apá aṣọ kan tán, á rọra sọ̀kalẹ̀ lórí àga, á nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Oníbàárà á wọlé, á máa wò yíká.

"Ìyá aránṣọ, ẹ dà?"

"Ilẹ̀ ni mo wà. Má tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ o. Jókòó, kí o sọ irú ọrùn tí o fẹ́."

Bó ṣe ń gba iṣẹ́ látorí ilẹ̀ nìyẹn, títí di ọjọ́ tí Ọlákúnlé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, wọlé bá a. Ìyá na ẹ̀yìn sílẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó ń wọn gígùn ṣòkòtò ọkùnrin kan. Ojú ti Ọlákúnlé pátápátá. Ó dúró kí oníbàárà lọ, ó gbé máṣíìnì wọ yàrá inú, ó fi aṣọ bò ó.

"Màámi, ó tó gẹ́ẹ́. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, tí òjò dá, màá gbé e lọ fún àǹtí Yẹ́misí ní Kábà. Ẹ ó jókòó, ẹ ó máa jẹun, ẹ ó máa sinmi."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó rẹ̀ mí?"

"Ẹ̀yìn yín ni."

"Ṣé ẹ̀yìn mi ni ìyá ẹ? Ẹnu mi ni kí o gbọ́ ọ. Oṣù mẹ́ta tí o dá yẹn, mo gbà á. Bó bá pé, wá. Bí mo bá jókòó rán odidi aṣọ akọrin kan lójú ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí ẹ̀yìn mi ò kan ilẹ̀, ọwọ́ ẹ yìí náà ló máa gbé máṣíìnì mi padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Ọlákúnlé rẹ́rìn-ín. Ó gbà, nítorí ó dá a lójú pé kò lè ṣe é.

Ọjọ́ kejì, Adéòkè lọ sí ọsibítù. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Nàbílà, ọmọ àwọn oníṣòwò Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Lọ́kọ́jà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi eré ìdárayá tọ́jú ẹni tí oríkèé àti ẹ̀yìn ń dùn. Ó wo fọ́tò egungun, ó tẹ ẹ̀yìn Adéòkè síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Màmá, egungun yín ò fọ́. Àwọn iṣan ikùn àti ti ẹ̀yìn tó yẹ kó gbé yín dúró ló ti sùn lọ. Ó ti pẹ́ jù tí ẹ ti ń ká kò sídìí iṣẹ́."

"Báwo la ṣe ń jí wọn?"

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́?"

"Èmi kẹ̀! Etí odò Ọya ni àbúrò ìyá mi ti tọ́ mi dàgbà."

"Ẹ má lọ sínú Ọya o, ìṣàn rẹ̀ le. Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ lọ." Ó wá fa bàtà rọ́bà méjì yọ lábẹ́ tábìlì, wọ́n fẹ̀ níwájú bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. "Bí ẹ bá wọ èyí, omi á wúwo lẹ́sẹ̀ yín. Bí ẹ bá ń ti omi wúwo yẹn láti ìbàdí, ikùn àti ẹ̀yìn ló máa ṣiṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Bó bá ń dùn yín, ẹ dúró."

Ọ̀rọ̀ náà dé Kábà kí Adéòkè tó délé. Yẹ́misí, àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni tí máṣíìnì ń bọ̀ wá bá, ló pè é lórí fóònù.

"Ìyàwó wa, wọ́n ní ẹ fẹ́ rìn níhòòhò ní òtẹ́ẹ̀lì. Ní ọjọ́ orí yín!"

"Níhòòhò kẹ̀? Àǹtí mi, aránṣọ ni mí o. Màá fọwọ́ rán aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tèmi, á dé ọrùn ọwọ́, á dé kókósẹ̀. Á bò mí ju gáùn tí ẹ wọ̀ sí ìgbéyàwó Marvellous ọmọ yín lọ."

Yẹ́misí pa fóònù náà.

Bàbá kan tó ń jẹ́ Súbérù ló ń ṣọ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ náà. Apẹja ni tẹ́lẹ̀, kò sí bí omi ṣe ń hùwà tí kò mọ̀. Ó wo Adéòkè bó ṣe wọ bàtà pẹ́pẹ́yẹ, tó ń fi ẹ̀yìn rìn kí ó má baà tẹ ara rẹ̀ ṣubú, tó sì já sínú omi, gbòàà! Ó di etí omi mú díẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ jà. Omi ń ta sókè, ó ń ta sílẹ̀. Obìnrin náà ò kúrò lójú kan.

"Ìyá Ọlákúnlé, aṣọ mélòó lẹ ti rán?"

"Bàbá Súbérù, ẹ jẹ́ n ráyè."

"Mò ń gbọ́ kẹ̀tẹ̀kẹ̀tẹ̀ yín látibí! Ẹ ò lúwẹ̀ẹ́ rárá. Máṣíìnì lẹ ń wà."

Òótọ́ ni bàbá náà sọ. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ọdún ni ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn ti ń tẹ ìdí máṣíìnì: orúnkún á ká, gìgísẹ̀ á tẹ̀, ọmọ ìka á tẹ̀. Bí wọ́n ṣe kan omi, iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n gbà ṣe.

"Ẹ gbàgbé orúnkún," ni Súbérù ń wí lójoojúmọ́. "Láti itan ni. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ gùn gbọọrọ, kó máa jù bí ìrù ẹja."

Orí gbọ́, orúnkún ò gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù kan lọ. Ẹ̀yìn tún wá ń dùn ju ti tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí kò lè dìde nínú omi tí Súbérù fi fà á lọ́wọ́ jáde, ó wọ yàrá inú lọ bá máṣíìnì, ó ṣí aṣọ lórí rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ́ ẹsẹ̀ mi ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ yìí," ló wí fún un. "Màá gba ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́ ẹ, wọn ò sì ní gbé ẹ lọ. Àwa méjèèjì la jọ máa rí i."

Ibi tó ti ń bínú ni ojú rẹ̀ ti kan ohun tó so mọ́ ìṣó lára ògiri: egungun rọ́bà, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn aránṣọ máa ń rán sí àyà aṣọ ìyàwó kí aṣọ lè dúró ṣánṣán. Ó wò ó. Ó wo orúnkún rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi ṣe é. Ó gé aṣọ tó ń fà, ó rán àpò orúnkún méjì, ó ki egungun rọ́bà mẹ́rin mẹ́rin sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ti wọ̀ ọ́ tán, ó ń rìn gán-án gán-án bí ẹni tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi.

"Kí lẹ tún gbé dé?" ni Súbérù bi í.

"Ẹ jókòó sórí àga yín."

Ó wọ omi. Orúnkún fẹ́ ká, egungun rọ́bà kọ̀. Ẹsẹ̀ ò ríbi gbà mọ́, àfi kó ti ìbàdí wá. Ikùn rẹ̀ fún pọ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀já di ìyá ọmọ, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, bàtà pẹ́pẹ́yẹ gbá omi sẹ́yìn, Adéòkè sì lọ, ṣìììì, ó fi orí kan ògiri òdìkejì.

"Súbùhánálláhì!" Súbérù dìde dúró. "Ẹ tún un ṣe!"

Ó tún un ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó bọ́ àpò orúnkún kúrò. Orúnkún ti gba ẹ̀kọ́.

Ìgbà yẹn ni Ọlákúnlé sáré dé láti ọ́fíìsì, kò tilẹ̀ kí ìyá rẹ̀.

"Màámi! Ọ̀gá mi rí yín ní òtẹ́ẹ̀lì! Ó ní ìyá mi wọ bàtà pẹ́pẹ́yẹ!"

"Ṣé ó rí bí mo ṣe ń lọ?"

"Ó ní ẹ yára bí nǹkan míì."

"Kí ló wá ń dùn ẹ́? Jókòó, kí o jẹun."

Oṣù mẹ́ta pé. Òjò dá. Ọlákúnlé gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé, Yẹ́misí jókòó síwájú rẹ̀.

"Òkun o," ni Adéòkè kí wọn, bí àwọn Yàgbà ṣe ń kí ara wọn. Ó ti gé aṣọ akọrin sílẹ̀, ó ti fi epo sí máṣíìnì nínú yàrá. Ó jókòó, ó na ẹ̀yìn, ó tẹ ẹsẹ̀: kẹ̀tẹ̀kẹ̀tẹ̀.

Ó rán èjìká, ó rán apá ọ̀tún, ibi tó ti máa ń sọ̀kalẹ̀ nà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yẹ́misí na ọrùn, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè é. Apá òsì. Ìgbà tó kan ọrùn aṣọ, ẹ̀yìn ta á jáìn. Òógùn bò ó níwájú orí. Ọlákúnlé dìde.

"Màámi, ẹ fi sílẹ̀, ó ti tó."

"Jókòó!"

Ó fa ikùn wọlé bó ṣe ń fà á nínú omi, ó gbé àyà sókè, ó mí. Ìrora náà rọra sún sẹ́yìn. Ó rán ọrùn, ó ṣẹ́ etí, ó já òwú pẹ̀lú eyín, ó sì ju aṣọ náà sí ọmọ rẹ̀ lára.

"Wò ó dáadáa. Àǹtí mi, ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

Yẹ́misí yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, kò rí àbùkù kankan. Ọlákúnlé káwọ́ aṣọ, ó kúnlẹ̀, ó gbá máṣíìnì mọ́ra, òun nìkan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó ti gbé e kalẹ̀, ó di ìbàdí mú.

"Yéè! Ẹ̀yìn mi o!"

"Bàtà pẹ́pẹ́yẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn," ni Adéòkè wí, ó ti ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ń lọ."

Ààlọ́ mi ti jáde nínú omi, ó ti sá ara rẹ̀ sóòrùn. Ẹ dìde, ẹ gbọn ẹní yín. Ìwọ tó ká jọ síbẹ̀ yẹn bí ìgbín, na ẹ̀yìn ẹ kí o tó sùn. Ó dàárọ̀ o.