Ẹ̀gà Lórí Àgbọn Ìyá Onílé

Òórùn omi ògì ló máa ń kọ́kọ́ jí mi nínú ilé tí mo gbé ní Ìbà, kí ariwo ẹyẹ tó tẹ̀ lé e. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti jáde ní yunifásítì tó wà ní Ọ̀jọ́, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì padà wá sí Ìbà nítorí mo gbà pé Èkó ni iṣẹ́ wà. Àwọn òbí mi ní Èkìtì gbà bẹ́ẹ̀ náà. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀ pé à ń retí òun.

Yàrá kan ni mo gbà lẹ́yìn ilé Ìyá Onílé, opó kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Ìbà, tó ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì ń ṣe ògì tà. Fèrèsé mi kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sẹ́ ògì, níbẹ̀ ni wọ́n so ewúrẹ́ wọn mọ́, ibẹ̀ náà sì ni igi àgbọn kan ṣoṣo wà, tó ga ju òrùlé lọ dáadáa.

Mo máa ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, n óò lọ fi ránṣẹ́ ní Òkókómáíkò, n óò padà wá jókòó lójú fèrèsé, àyà mi á sì máa já, bíi pé ẹni tó máa ka lẹ́tà náà ń bọ̀ wá kan ilẹ̀kùn mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀rù pé bóyá gbogbo ìwé tí mo kà kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni láéláé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àdàbà kan bà sílẹ̀ nídìí abọ́ ewúrẹ́, ó ń ṣa èérí ògì tó dà sílẹ̀ jẹ. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo wọ́n ọn sílẹ̀ níwájú fèrèsé mi. Ó wò mí, ó tún wò mí, ó wá. Bóyá ẹ ò ní mọ bó ṣe rí lára mi. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti ń pè láti oṣù mẹ́rin, ẹyẹ yìí lẹni àkọ́kọ́ tó dá mi lóhùn.

Ó di iṣẹ́ mi nìyẹn. Láràárọ̀, bí Ìyá Onílé bá ti ru àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ, n óò bu èérí nínú abọ́ ewúrẹ́, n óò bu omi sínú ìdérí ìkòkò kan tó ti sán, n óò sì sá padà sẹ́yìn fèrèsé. Àdàbà lọ mú ẹnì kejì rẹ̀ wá. Ológoṣẹ́ dé. Nígbà tó yá ni ẹ̀gà dé, ara wọn pọ́n bí ìyeyè, orí wọn dúdú, ẹnu wọn kì í dákẹ́. Inú mi dùn bí ẹni tó gba àlejò ọba. N kò mọ̀ pé ẹ̀gà kì í jẹun kó lọ. Ibi tó bá ti rí oúnjẹ, ilé ló ń wá kọ́ síbẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ ká mi mọ́ ọn ni ọ̀dọ́kùnrin tó gba yàrá kejì, rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Àjàngbàdì. Ẹgbẹ́ ni wá, kì í bọ̀wọ̀ fún ìwé mi rárá.

"Sísì Alákọ̀wé, ṣé àwọn wọ̀nyí ló máa bá ẹ gbé lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì?"

"Jọ̀ọ́, má sọ fún Màmá."

"Kí n sọ kí ni? Pé gírájúéètì ń bá ewúrẹ́ du oúnjẹ?"

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò jáwọ́. Kí oṣù kejì tó pé, ìtẹ́ ti so rọ̀ lórí àgbọn bí èso mìíràn. Ṣé ẹ mọ̀ pé imọ̀ àgbọn ni ẹ̀gà ń ya fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fi ń hun ìtẹ́? Imọ̀ tó tutù yọ̀yọ̀ tẹ́lẹ̀ di ọ̀pá lásán, bí òòyà tí eyín rẹ̀ ti ká tán. Mo rí i. Mo sọ fún ara mi pé igi ni, yóò tún hù. Ẹni tó bá kàwé kì í pẹ́ kó tó rí àlàyé fún ohun tí kò fẹ́ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Èmi ni mo ń bá Ìyá Onílé kọ lẹ́tà sí àkọ́bí wọn, tó ń ṣiṣẹ́ lókè Ọya. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí èsì rẹ̀ kò dé. Ní ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n pè mí pé kí n mú bírò wá, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí n óò kọ. Òkè ni wọ́n ń wò.

"Ọmọ mi, ṣé o rí igi yẹn?"

"Mo rí i, Màmá."

"Ìwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ tó wà lókè Ọya ló wà nídìí ẹ̀. Ọjọ́ tó já ní ìdodo ẹ̀, ọwọ́ mi yìí ni mo fi sin ín, bàbá ẹ̀ ló gbin àgbọn lé e lórí. Látìgbà náà, ẹ̀gà ò bà lé e rí. Ọ̀pẹ kún Ìbà, àgbọn kún Ìjàníkin. Ta ló wá rán wọn sí tọmọ tèmi?" Wọ́n mi orí. "Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé."

Wọn kò wo ojú mi rárá nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló pa mí lára. Wọ́n ní láti ọjọ́ kejì, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni, gbígbẹ, omi pàápàá kò ní kan àwọn lẹ́nu, títí Ọlọ́run yóò fi tú àṣírí ẹni tó fẹ́ sọ orí ọmọ àwọn di pípá bí orí igi náà.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. N kò sọ ọ́. Mò ń rò ó pé wọ́n á lé mi jáde, n óò sì padà sí Èkìtì pẹ̀lú àpótí kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju ẹ̀dà lẹ́tà lọ. Mo tún rò ó pé bóyá èsì ọmọ wọn yóò dé kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, kí ọ̀rọ̀ náà sì lọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ààwẹ̀, mo rí wọn láti ojú fèrèsé níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì. Wọ́n fẹ́ dìde, wọn kò lè dìde, ìdí àgbọn yẹn náà ni wọ́n gbá mú. Rewáyà rí i láti ẹnu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Sísì, ṣé o máa jẹ́ kí màmá yìí kú nítorí èérí ni?"

Mo jáde, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada ògì.

"Màmá, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mò ń fún àwọn ẹyẹ lóúnjẹ. Láràárọ̀, tí ẹ bá ti lọ sí ẹ̀rọ." Mo wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo sọ ti iṣẹ́ tí n kò rí, mo sọ ti àdàbà, mo sọ bí ọkàn mi ṣe máa ń rí tí ilẹ̀ bá mọ́, títí wọ́n fi gbé ọwọ́ sókè pé ó tó.

"Kò sẹ́ni tó rán wọn?"

"Kò sí, Màmá. Èmi ni mo pè wọ́n."

"Kò sóhun tó ṣe ọmọ mi?"

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n ti igi yìí, èmi ni."

Wọ́n jókòó lórí àpótí. Mo ń retí àrá. Ẹ̀rín ni mo gbọ́, ó kọ́kọ́ rọra ń bọ̀, nígbà tó yá ó mì wọ́n títí omi fi jáde lójú wọn, n kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún.

"Rewáyà! Wá wo ọ̀tá mi o! Ọ̀tá tí mò ń bu ògì fún láràárọ̀!" Wọ́n nu ojú, wọ́n wá fajú ro. "Abájọ tí ewúrẹ́ mi fi rù! Gbé omi wá fún mi, alákọ̀wé burúkú."

Bí wọ́n ṣe mu omi yẹn, mo ka gbogbo ìgbà tí ọ̀nà ọ̀fun wọn lọ sókè sódò. Ìjìyà mi ni pé kí n kọ lẹ́tà sí onígi, àkọ́bí wọn, kí n jẹ́wọ́ fún un fúnra mi. Ó le ju gbogbo lẹ́tà ìwáṣẹ́ lọ. Wọ́n ti bá ẹni tó ń gun àgbọn sọ̀rọ̀ pé kó wá já àwọn ìtẹ́ náà dànù, ṣùgbọ́n nígbà tó ní òun ń gbọ́ ohùn ọmọ ẹyẹ níbẹ̀, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé abiyamọ jáde nínú ilé àwọn. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ẹ̀gà fò lọ ló tó gùn ún.

Èsì dé nígbà tó yá. Wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ sí ìlú mìíràn, àwọn lẹ́tà wa ń wá a kiri. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó ní kí wọ́n kí sísì tó ń bọ́ ẹyẹ, kí ó máa bá òun náà fún wọn lóúnjẹ. Nígbà tí èsì náà fi máa dé, imọ̀ tuntun kan ti yọ láàárín orí àgbọn náà, ó dúró ṣánṣán.

Mo ti rí iṣẹ́ báyìí, Òkókómáíkò ni mò ń gbé, mo sì ní ẹ̀yìnkùlé kékeré kan. Àyà mi ṣì máa ń já, n kò ní purọ́ fún yín. Mo ṣì ń bọ́ ẹyẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kó débẹ̀, kí n tó da ẹ̀kúnwọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀, mo wo òkè, mo rí igi àgbọn kan lẹ́yìn ọgbà, mo lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tó ni ín, mo bi wọ́n bóyá ìwọ́ ẹnì kan wà nídìí ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dúró kí wọ́n rín in tán, mo tún bi wọ́n.