Ẹ̀rọ Èémí àti Fíríìjì Bàbá Onílé

Bí ìbínú bá ń pani ni, wọn ì bá ti sin Onídìrí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bó ṣe lajú, ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ló kọ́kọ́ wò. Ẹ̀rọ ti kú. Ínfátà tó wà ní igun yàrá ti kú, bátìrì sì ti gbẹ. Ọkọ rẹ̀ jókòó sétí ibùsùn, ó fi ìbomú ẹ̀rọ náà kọ́ ọrùn, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó ja ìjàkadì mọ́jú.

"Wọ́n tún ti tan fíríìjì yẹn, àbí?"

"Fi sílẹ̀, jàre. Àgbà ni wọ́n."

Àgbà! Ọ̀rọ̀ yìí ti sú Onídìrí kọjá àfẹnusọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹnikẹ́ni má baà ní aláriwo obìnrin ni. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni ọkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun jáde. Bí oorun bá ti gbé e lọ, ọ̀fun rẹ̀ á dí, èémí á dúró, á wá ta jí lójijì bí ẹni tó fẹ́ rì sómi, á tún máa hanrun lọ. Ẹni tó bá sùn báyẹn kò sùn rárá. Ó ti tòògbé nídìí ọkọ̀ rí, tó jẹ́ pé igbe àwọn ọmọ ló jí i nígbà tí táyà iwájú ti fẹ́ wọ gọ́tà. Ìyẹn ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gba ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú kí ọ̀fun má baà dí. Wáyà iná kò dé àdúgbò wọn. Bátìrì àti ínfátà ni wọ́n rà, wọ́n sì gbé sólà sórí òrùlé. Ẹni tó bá wọn ṣe é sọ ọ́ lójú àwọn méjèèjì pé iná tí oòrùn bá kó jọ lọ́sàn-án, ẹ̀rọ yẹn àti gílóòbù kan ṣoṣo ló lè gbé di àárọ̀.

Òrùlé ta ni? Ti Bàbá Onílé tó ń gbé yàrá tó kángun sí tiwọn ni. Ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi ní pè é ní "wọ́n". Inú fíríìjì ni mo kó ọ̀wọ̀ tirẹ̀ sí. Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n fa wáyà wá fún òun, gílóòbù lásán ni. Wọ́n fà á. Nígbà tó yá, fáànù dé. Nígbà tó tún yá, fíríìjì wọlé. Onídìrí lọ ṣàlàyé fún un, ó bẹ̀ ẹ́ bí ẹni bẹ ọba. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Oòrùn tó ń ràn sórí òrùlé mi, ṣé kì í ṣe tèmi ni?"

Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n awakọ̀ gbà fún un. Ìyẹn gan-an ló ń bí Onídìrí nínú ju fíríìjì lọ.

Láàárọ̀ yẹn, ọkọ rẹ̀ wẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́. Níbi tó ti ń de okùn bàtà, oorun gbé e, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá tábìlì. Onídìrí yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ò ní wa ọkọ̀ yìí lónìí."

"Àwọn ọmọ ń dúró dè mí."

"Kí wọ́n dúró! Kí wọ́n pẹ́ dé ilé-ìwé sàn ju kí wọ́n má débẹ̀ mọ́."

Awakọ̀ mú fóònù. Ó pe ilé-ìwé pé kí wọ́n wá ẹlòmíì, lẹ́yìn náà ni òun àti Onídìrí jáde. Bàbá Onílé ti dúró ti bọ́ọ̀sì, ó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó gbé báàgì ọmọ náà kọ́ èjìká.

"Awakọ̀, kí ló dé? Ilẹ̀ ti mọ́ o!"

Onídìrí rò pé ọkọ òun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó tẹrí ba lóòótọ́.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Mi ò ní lè gbé wọn lónìí. Mi ò sùn."

"Ìwọ? Ìwọ tó ń hanrun tí ògiri ń mì? Mo tiẹ̀ fẹ́ wá kanlẹ̀kùn kó o tó dákẹ́ lójijì. Mo ní háà, oorun ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn."

"Ìgbà tó dákẹ́ yẹn, sà?" Ohùn Onídìrí kò tilẹ̀ ròkè. "Kò mí ni. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ tó dákẹ́ báyẹn, èémí rẹ̀ ló dúró. Ẹ wà lẹ́yìn ògiri, ẹ ń dúpẹ́ pé ariwo tán. Òun náà lẹ tún fẹ́ kó fi ọkọ̀ gbé ọmọ yín."

Bàbá Onílé wo ojú awakọ̀, ó wo ọmọ tó fà lọ́wọ́.

"Mi ò mọ̀ pé..."

"Mo sọ fún yín. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín."

Ọkùnrin náà fa ọmọ-ọmọ rẹ̀, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa wáyà, kò sì bẹ̀bẹ̀. Onídìrí wọlé, ó yọ wáyà tó lọ sí yàrá Bàbá Onílé kúrò lára ínfátà tìpá-tìkúùkù, ó ká a jọ, ó sì jù ú sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin náà. Bó bá fẹ́ lé wọn, kó lé wọn. Ọkọ rẹ̀ dúró, ó ń wò ó, kò sì rántí sọ pé àgbà ni wọ́n.

Nígbà tí oòrùn mú díẹ̀, tí bátìrì rí nǹkan gbé jẹ, Onídìrí fi ìbomú bo ọkọ rẹ̀ nímú, ó tan ẹ̀rọ. Oníbàárà ń pè é láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù ìdìrí rẹ̀ níwájú ilé, kò dáhùn. Ó káwọ́ gbera, ó jókòó tì í. Inú ṣì ń bí i gidigidi. Ó fẹ́ jí i, kó bi í léèrè ta ló ní kó máa fi ẹ̀mí ara rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ń mí, Onídìrí kò sì jí i.